Orin Kan Ṣoṣo Tí Ìyá Támálè Ń Fọn

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun mọ orin tí Màmá Àgbà máa ń fọn, irọ́ ló ń pa. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Ṣakí, kò sí irú ẹni tí kò dá àbá lórí orin yẹn rí. Pásítọ̀ dá a, àáfà dá a, awakọ̀ dá a. Ọlọ́pàá kan tó wá bi wá nípa ewúrẹ́ tó sọnù ládùúgbò náà dá a, ó sì gbàgbé ewúrẹ́ tó bá wá. Ohun kan náà ni Màmá Àgbà ń sọ fún gbogbo wọn: "Ó ku díẹ̀."

Ìyá tó bí bàbá mi ni. Ìyá Támálè ni ará ìlú ń pè é, nítorí Támálè ní ilẹ̀ Gáná ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣòwò títí ọkọ fi kú síbẹ̀, kí ìjọba ibẹ̀ tó wá ní kí gbogbo àlejò palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń lò fún un, n ò lo "wọ́n". Ẹ má pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́ mi nílé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Tí a bá wà níwájú rẹ̀, "ẹ" ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbátí ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ má pè mí ní wọ́n. Bí ẹ bá ń bú mi, mo fẹ́ kó dá mi lójú pé èmi nìkan ni ẹ ń bú."

Mo kéré púpọ̀ lọ́jọ́ tó dé, nítorí náà ẹnu àwọn àgbà ni mo ti gbọ́ eléyìí. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ̀ ẹrù já àwọn tó ti Gáná dé sílẹ̀, ẹkún ni gbogbo ilé ń sun. Àwọn kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rù, àwọn kan gbé abọ́ tánganran, àwọn mìíràn ò gbé nǹkan kan bí kò ṣe ọmọ. Àpò kékeré kan ni Màmá Àgbà gbé kọ́ apá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo àwọn ẹlẹ́kún láti orí dé ẹsẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ hamóníkà jáde. Fèrè irin pẹlẹbẹ ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ihò tò lára rẹ̀, wọ́n á gbé e sí ètè, wọ́n á máa fà á lọ fà á bọ̀. Ó fọn ún. Ẹkún dá wáí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Yéè, Gáná ti da orí ẹ̀ rú." Màmá Àgbà yọ fèrè lẹ́nu, ó ní, "Rárá o. Dá àbá míì."

Èèwọ̀ kan wà nílé wa. Kì í ṣe eku, kì í ṣe ẹja. "Mi ò mọ̀" ni. Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti rọ̀, Hàwáwù, obìnrin Fúlàní kan tó ń ti gáà màlúù lọ́nà Ìgbòho wá, yóò sọ igbá wàrà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Màmá Àgbà yóò ra wàrà, yóò dín in, yóò gbé abọ́ lé itan, yóò wá bi àwa ọmọ ní ìbéèrè. Ẹni tó bá dá àbá yóò jẹ wàrà, ì báà jẹ́ àbá tí ajá yóò fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀, ẹnu wa ni yóò máa wò. Ó ní lóòótọ́, àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta, ṣùgbọ́n ẹ ò rí ikán kan tó jókòó tó ń wo òkúta níran.

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti inú ìwé. Bí adìyẹ bá mumi tán tó gbójú sókè, kí ló ń wò? Bí èèyàn bá fẹ́ sín, ṣé ojú ló kọ́kọ́ ń dì ni àbí ẹnu ló kọ́kọ́ ń là? Kí ló dé tí ẹni tó ń ki abẹ́rẹ́ bọ òwú fi ń yọ ahọ́n? A máa ń rò pé gbogbo ìdáhùn wà níkùn rẹ̀, pé ńṣe ló ń dán wa wò.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màlúù tó dùbúlẹ̀, tó bá fẹ́ dìde, iwájú ló kọ́kọ́ ń gbé ni àbí ẹ̀yìn?" Ilé pín sí méjì. Màmá Àgbà ní iwájú ni, pé ohun abẹ̀mí gbogbo ní í fi orí ṣáájú. Hàwáwù, tí wọ́n bí sáàárín màlúù, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yìn ni."

"Iwájú ni."

"Ìyá, èmi ni mo ní màlúù."

"Èmi náà ní ojú."

Ni gbogbo wa bá tò tẹ̀ lé wọn lọ sí gáà, Màmá Àgbà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Màlúù funfun kan wà lábẹ́ igi òrí, ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ́jẹ. A dúró. Ó wò wá, àwa náà wò ó. Nígbà tó wù ú, ó kọ́kọ́ gbé ìdí sókè, ó na gbogbo rẹ̀ sí wa lójú, kó tó gbé orúnkún iwájú nílẹ̀. Hàwáwù pàtẹ́wọ́. Màmá Àgbà wo màlúù yẹn láti ìrù dé ìwo, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí i, ó ní, "Èyí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ti Támálè kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Támálè yìí kan náà ló jẹ́ kí wọ́n nà mí. Tíṣà ni bàbá mi, wọ́n sì ń kọ́ kíláàsì wa. Wọ́n béèrè olú-ìlú Gáná. Ọwọ́ mi ti wà lókè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní Támálè ni. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti fi wàrà tọ́ ni mí, mo ní, "Sà, ẹ dá àbá míì." Háà! Ẹgba tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, títí di òní, bí mo bá rántí, mo máa ń yẹ ìjókòó wò kí n tó jókòó. Màmá Àgbà gbọ́, ó sì dé ilé-ẹ̀kọ́ kí aago àkókò oúnjẹ tó lù.

"Ta ló sọ pé kì í ṣe Támálè?"

"Màmá, Akraà ni. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wà ní Akraà? Òkun. Ṣé orí òkun ni ìjọba ń jókòó sí ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ ń wò wá."

Ó yíjú sí kíláàsì, gbogbo wa sì wolẹ̀. Ó tún yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìwé yẹn, ó dé Támálè rí?"

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì báyìí, torí àwọn ni ọ̀rọ̀ dé sí lọ́wọ́. Láti Támálè ni wọ́n ti fi wọ́n ránṣẹ́ sílé kí eyín wọn tó pààrọ̀ tán, kí wọ́n lè mọ ilé, kí wọ́n sì kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó jẹ́ àáfà ló gba ti àkọ́kọ́. Àbúrò ìyá wọn, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọ, ló gba èkejì. Bí àkọ́kọ́ ṣe di Bàbá Àlàájì tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ nìyẹn, tí èkejì, bàbá mi, fi di tíṣà tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ń wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń padà. Nígbà tó kú, Támálè ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ọmọ ò débẹ̀.

Ní ti Màmá Àgbà, bó bá di Jímọ̀, á bá àwọn ìyàwó Bàbá Àlàájì lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bó bá di Sọ́ńdè, á wà ní ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa mi orí sí dùùrù. Ó ní ilé ọmọ ni òun ń lọ, pé ta ló ń bi ìyá ní ohun tó wá ṣe nílé ọmọ? Ìgbà kan tí ọ̀fìnkìn ọyẹ́ dá a wó, àwọn alàgbà ìjọ wá gbàdúrà fún un, àáfà Bàbá Àlàájì náà sì dé lásìkò kan náà. Wọ́n jókòó, apá ọ̀tún kọ ẹ̀yìn sí apá òsì. Màmá Àgbà la ojú kan. Ó ní, "Nínú ihò imú yín méjèèjì, èwo lẹ fi ń mí báyìí?"

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, alàgbà kan rọra gbé ìka sábẹ́ imú. Àáfà rí i, òun náà gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Àáfà ní ọ̀tún ni. Alàgbà ní òsì ni tòun. "Ẹ jẹ́ n wò ó." "Ẹ tún mí dáadáa." Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti ń mí sí ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n jáde pọ̀, wọ́n ń jiyàn, wọ́n sì gbàgbé àdúrà. Màmá Àgbà yí ara padà mọ́ ògiri, ó ní, "Ẹni tí kò mọ ihò imú tó fi ń mí ló fẹ́ júwe ọ̀nà ọ̀run fún mi."

Ìyẹn ló mú kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jọ wá bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwọn méjèèjì kì í sábà jọ dé ibì kan. Bàbá Àlàájì ló sọ̀rọ̀: "Màmá, a ò gbàdúrà ibi o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tí ẹ wà fún wa, kí èmi àti àbúrò mi má ba à jà lórí òkú yín."

"Ẹ ti rí òkú náà ni?"

"Màmá!"

Ó ní kí n gbé fèrè òun wá. Ó fọn orin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti sọ bó ṣe rí. Òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ru igbá wálẹ̀ láti orí àpáta, á wá débì kan tí ihò fèrè kan ti kú láti Gáná, níbi tí kì í dún, tó jẹ́ èémí lásán ló ń jáde, fùù, kó tó tún padà gòkè. Ó fọn ún tán, ó nu ẹnu. "Ẹni tó bá mọ orúkọ orin yìí nínú yín, òun ni kó sin mí. Bó bá ní kí wọ́n fi aṣọ funfun wé mi, kí wọ́n wé mi. Bó bá ní pósí, kí wọ́n kàn án. Ẹnì kejì ò gbọdọ̀ wí nǹkan kan."

Bàbá Àlàájì ní wákà ni, èyí tí àwọn obìnrin fi ń pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Bàbá mi ní orin ìsìn ìrọ̀lẹ́ ni, pé òpin rẹ̀ nìkan ló wọ́. Màmá Àgbà wo ẹnu àwọn méjèèjì. Ó ní, "Ó ku díẹ̀."

Ìgbà yẹn ni ìran bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jókòó ti dùùrù, wọ́n tẹ ìwé orin láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí òógùn fi bo ojú wọn. Màmá Àgbà jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń ju èèpo rẹ̀ sábẹ́ pẹpẹ. Bàbá Àlàájì kó àwọn oníwákà wá láti Ìsẹ́yìn, wọ́n kọrin títí ohùn fi há wọn. Ó jó, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ. Ọdún ń gorí ọdún, kò rẹ̀ ẹ́, kò rẹ̀ wọ́n. Bàbá Àlàájì tilẹ̀ ní òun á ra fèrè tuntun fún un n'Ìbàdàn, tí gbogbo ihò rẹ̀ ń dún, bóyá ìdáhùn wà nínú ihò tó kú. Ó kọ̀. Mo ní, "Màmá Àgbà, ẹ kàn ń fi wọ́n ṣeré ni." Ó ní, "Kí ni kí n tún fi wọ́n ṣe? Wọ́n ti tóbi jù láti pọ̀n."

Ohun kan wà tí mo rí tí n kò kà sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ dá àbá lórí orin yẹn, Màmá Àgbà á dẹ́kun jíjẹ. Bí wàrà bá wà lẹ́nu rẹ̀, á dá a dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Á tẹ ojú mọ́ ẹnu onítọ̀hún títí tó fi máa sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà á gbé wàrà mì.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé, mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, mo sì wá sílé wá tọ́jú rẹ̀. Èémí rẹ̀ kò tó fọn fèrè mọ́. Èmi ló ń ní kí n máa fọn ún, òun náà ló sì ń ṣàríwísí: "O ń yára. Ta ló ń lé ẹ?" Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fọn ún tán, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo ní, "Màmá Àgbà, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ sọ fún mi. Orin kí ni?"

Ó wo àjà. Ó ní, "Mi ò mọ̀."

Mo rò pé etí mi ló ń dún. Nínú gbogbo ayé tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Bàbá bàbá rẹ ló ń fọn ọ́n," ó ní. "Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sórí àpótí, á fọn ún. Mo ní orin kí nìyẹn? Ó ní, 'Dá àbá.' Mo dá a. Ó ní, 'Ó ku díẹ̀.' Lójoojúmọ́ ayé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo gún iyán, mo fi ẹran ìgbẹ́ sí ọbẹ̀, kò sọ. Lọ́jọ́ tó máa kú, ó jẹun ọ̀sán tán, ó ní òun fẹ́ rọ̀gbọ̀kú. Mi ò tilẹ̀ béèrè lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ọ̀la wà."

"Nígbà náà, gbogbo àwa tí ẹ ń dán wò..."

"Ta ló ń dán yín wò? Mò ń bi yín ni! Mo ní nínú gbogbo èèyàn yìí, ẹnì kan á mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún àwọn bàbá mi pé orin bàbá wọn ni?"

"Kí wọ́n máa ṣí fìlà sí i? Bí mo bá sọ, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọn ò ní dá àbá mọ́. Àbá ni mo sì fẹ́." Omi ti kún ojú rẹ̀, ojú tí n kò rí omi nínú rẹ̀ rí àfi ti àlùbọ́sà. "Mò ń lọ bá a báyìí, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yẹn á fi mí rẹ́rìn-ín."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tó kú lọ.

Àárọ̀ ló kú. Kó tó di ọ̀sán, Bàbá Àlàájì ti ra aṣọ funfun, bàbá mi ti ránṣẹ́ pe káfíńtà, àwọn méjèèjì sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí ẹnì kan ò jẹ́ kí ẹnì kejì wọlé.

"Wákà ni! Gbogbo ayé ló mọ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n orin ìsìn ni!"

Àwọn àgbà ilé ń bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Káfíńtà jókòó lé pákó, àwọn agbẹ́lẹ̀ fi ọkọ́ tì, wọ́n ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Ìgbà tó yá, ẹnì kan rántí mi. Bàbá Àlàájì yíjú sí mi: "Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n sọ ọ́ fún ẹ. Orin kí ni?"

Inú ń bí mi. Ìyá tó wà nílẹ̀ yẹn ń dùn mí, ariwo wọn sì ń dùn mí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ dá àbá."

Gbogbo ilé kígbe háà. Bàbá mi gbọ́wọ́ sókè láti gbá mi létí, n kò sì yẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àpótí, ṣọ́ọ̀bù, iyán, ọ̀la wà. Mo ní Màmá Àgbà ò mọ̀ ọ́n. Mo ní bàbá wọn ló ni ín.

Ọwọ́ bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Àlàájì fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n yọ́ lọ sílẹ̀ títí wọ́n fi jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tàwọn ti agbádá. "Bàbá wa? Bàbá wa ń fọn fèrè?" Wọ́n wo àbúrò wọn. "Mi ò tilẹ̀ rántí ohùn wọn."

"Fọn ún," ni bàbá mi wí fún mi.

Mo fọn ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn méjèèjì máa gbọ́ orin yẹn láìwá orúkọ fún un. Nígbà tí mo dé ibi ihò tó kú, tí èémí lásán jáde, Bàbá Àlàájì fi ọwọ́ bo ojú. Mo parí rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Bàbá Àlàájì wí.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ni bàbá mi wí.

Nígbà tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó lè ní òun nìkan ni yóò sin ín. Wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ àwọn agbẹ́lẹ̀, tíṣà àti Àlàájì, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi pé ẹnì kejì ò mọ ọkọ́ lò. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Àáfà kírun sí i lára, bàbá mi ka Sáàmù, ẹnì kan ò dá ẹnì kejì dúró.

Ní ilẹ̀ wa, a máa ń sọ fún òkú pé ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó bá wọn jẹ. Bàbá Àlàájì ni àkọ́bí, àwọn ló kàn láti sọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ibojì, erùpẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò rántí oúnjẹ kankan. Wọ́n ní, "Màmá, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi Bàbá léèrè orúkọ orin yẹn."

Bàbá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n wí, "Bàbá ò ní sọ fún wọn. Wọ́n á ní kí Màmá dá àbá."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu gbogbo wa lẹ́bàá ibojì, ẹ̀rín tí ojú ń ti èèyàn láti rín níbẹ̀, Bàbá Àlàájì sì di àbúrò wọn mú lápá kí wọ́n má ba à rẹ́rìn-ín ṣubú sínú rẹ̀.